ÀBÁ ÒFIN Ń BỌ̀ LỌ́NÀ: IBO NI ÒṢÌṢẸ́ YÓÒ TI PÀDÉ RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ni pé kí n ṣàlàyé bí òfin ṣe ń jáde láti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ni n ó ṣe sọ ọ́, ibi tí kò bá yé yín, ẹ dá mi dúró kí ẹ bèèrè.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀? Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mínímọ̀ọ̀mù wéèjì, di N70,000. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn kan nínú wa fi ń bèèrè pé, "Kí ló dé tí ọ̀gá mi fi sọ pé òfin yẹn kò kan òun?" Ìdáhùn wà nínú òfin fúnra rẹ̀, nínú gbólóhùn kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa kò kà. Kì í ṣe ọjọ́ tí Ààrẹ buwọ́ lù ú ni wọ́n kọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n ti kọ ọ́ tipẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ń kọ òfin, ọjọ́ tí wọ́n bá fi òfin dá a lóhùn ni yóò mọ̀ pé òfin wà.

ÀWỌN WO NI AṢÒFIN WA?

Ilé méjì ló wà ní Abuja. Èkíní ni Ilé Aṣòfin Àgbà, tí a ń pè ní Sẹ́nétì. Ènìyàn 109 ló wà níbẹ̀: mẹ́ta-mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, àti ẹnì kan láti Abuja. Èkejì ni Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ènìyàn 360 ló wà níbẹ̀, iye èrò ni wọ́n fi pín in. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú mẹ́fà.

Ní ìhà tiwa ní Àríwá Èkìtì, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Osí, Mọbà àti Ìlejeméje jọ ní sẹ́nétọ̀ kan. Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ jọ ní aṣojú kan. Ìdó-Osí, Mọbà àti Ìlejeméje jọ ní òmíràn. Ẹni mẹ́ta péré nìyẹn. Ẹ di orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú bí ẹ ṣe di orúkọ ẹni tó jẹ yín lówó mú.

Ẹ má sì da àwọn yìí pọ̀ mọ́ Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ wa ní Adó, níbi tí ènìyàn 26 wà. Àwọn ti Adó náà ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì, ààbò níbi iṣẹ́ àti owó oṣù tó kéré jù wà nínú àtòkọ àwọn nǹkan tí Abuja nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú wa fi gbọ́dọ̀ wà lára Abuja.

Ìwé Òfin yẹn kan náà sọ pé èdè Òyìnbó ni wọn yóò máa fi ṣe iṣẹ́ Ilé, àti Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí òun kò gbọ́ Òyìnbó, ọ̀rọ̀ òfin kì í ṣe ti òun.

Ọ̀NÀ TÍ ÀBÁ ÒFIN Ń GBÀ

Òfin tí kò tíì di òfin là ń pè ní àbá òfin. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Mọ́tò tó gbéra ní Adó tó ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé gbọ́dọ̀ kọjá Ìwòròkó, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìtapá. Ẹni tó bá ní ẹrù láti gbé sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mọ́tò ti ń dúró. Bí mọ́tò bá ti kọjá Ìtapá, ẹni tó ṣì gbé ẹrù dúró ní Ọ̀yẹ́ ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbá òfin rí.

Ìjọba lè mú àbá òfin wá. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan náà lè mú un wá. Àwa ará ìlú kò lè dìde nínú Ilé ká gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n a lè kọ ọ́ fún aṣòfin wa pé kó bá wa gbé e.

Ibi ìdúró kìíní ni kíkà àkọ́kọ́. Akọ̀wé Ilé yóò dìde, yóò ka orúkọ àbá náà. Kò sí àríyànjiyàn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ mọ́tò sílẹ̀ ní gáréèjì pé ó ti wọlé.

Ibi ìdúró kejì ni kíkà kejì. Níbí ni ẹni tó ni àbá yóò ti ṣàlàyé ìdí tí òfin náà fi dára. Ẹlòmíràn yóò kín in lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù yóò máa sọ tẹnu wọn. Orí ọ̀rọ̀ náà lápapọ̀ ni wọ́n ń jà lé níbí: ṣé ó yẹ ká ní irú òfin yìí àbí kò yẹ? Wọn kò tíì wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá tó, ẹni tó wà lórí àga yóò bèèrè: àwọn tó gbà, àwọn tí kò gbà. Ohùn tó bá pọ̀ ni yóò lu òòlù fún. Ọ̀pọ̀ àbá ló ń kú síbí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé bá ti jókòó, Ilé lè ṣiṣẹ́. Ènìyàn 37 nìyẹn nínú Sẹ́nétì, ènìyàn 120 nínú Ilé Aṣojú. Àwọn tó wà níjòókòó nìkan ni wọ́n ń ka ohùn wọn. Nítorí náà, bí 120 bá jókòó nínú 360, ẹni 61 lè pinnu ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Aṣojú tí kì í wà lórí àga rẹ̀, a kò ní aṣojú lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tí kò bá wá síbi iṣẹ́, wọ́n á gé owó rẹ̀. Ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe ń wá síbi iṣẹ́ tiwọn.

IBI TÍ ILẸ̀KÙN TI ṢÍ

Ibi ìdúró kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Ìgbìmọ̀ ni. Ilé yóò yan àbá náà fún ìgbìmọ̀ kékeré tó mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún tiwa, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àbá wò gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè pe ìpàdé ìtagbangba. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè kọ̀wé wá tàbí kó wá sọ ọ́ lójú wọn. Níbí nìkan ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún ẹni tí kì í ṣe aṣòfin láti wọlé wá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tí ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ jókòó sí ti dábàá N30,000. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fi àbá òfin ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin. N27,000 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n àbá lásán ni, kò tíì di òfin. Ilé Aṣojú pe ìpàdé ìtagbangba, àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀, wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé N30,000 ni ohùn tí gbogbo wọn jọ fi sílẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, N30,000 ni Ilé Aṣojú fọwọ́ sí. Sẹ́nétì fọwọ́ sí iye kan náà ní oṣù kẹta. Ààrẹ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin.

N3,000 ni ìyàtọ̀ náà lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀: N36,000 lọ́dún fún òṣìṣẹ́ kan. Nínú Ilé ni owó yẹn ti wọlé, kì í ṣe láti ọwọ́ Ààrẹ. Ó wọlé nítorí pé àwọn tó ń ṣojú wa mọ ibi tí mọ́tò ti ń dúró, wọ́n sì ti dúró síbẹ̀ kó tó dé.

LẸ́YÌN ÌGBÌMỌ̀

Bí ìgbìmọ̀ bá ti parí, yóò mú àbọ̀ wá. Gbogbo Ilé yóò wá sọ ara rẹ̀ di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ń wò ó lórí tẹlifíṣàn: wọn á gbé ọ̀pá àṣẹ kúrò lórí tábìlì sí ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò máa pe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ká fi sílẹ̀, ká yọ ọ́, ká yí i padà. Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń ṣe bí ẹ bá ń gbọ́ òòlù léraléra. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún, gbólóhùn kan ti wọlé nìyẹn. Aṣòfin kan tó lójú lára lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ là.

Kíkà kẹta ló kàn. Èyí kò gba àkókò. Kò sí ìyípadà tuntun mọ́ àfi bí wọ́n bá dá àbá náà padà sẹ́yìn. Mọ́tò ti kọjá Ìtapá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ló ṣì gbà á. Ilé kejì náà gbọ́dọ̀ gbà á. Bí ohùn ilé méjèèjì kò bá dọ́gba, wọn yóò yan àwọn kan láti ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jókòó papọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé àgbà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yóò fi í ránṣẹ́ sí Ààrẹ.

Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ó lè buwọ́ lù ú, ó lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan bá tún dìbò fún un, òfin ti di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojú 240 nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2000, òfin tó dá àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta sílẹ̀, NDDC, jáde lẹ́yìn tí Ààrẹ Obasanjo kọ̀ láti buwọ́ lù ú.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ GBA Ọ̀NÀ ÀBÙJÁ

Ẹnì kan lè sọ pé, "Aṣojú, ti 2024 kò rí bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2024, àbá N70,000 dé Ilé Aṣòfin. Lọ́jọ́ kan náà, ilé méjèèjì ka á lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mọ́tò yẹn kò dúró níbì kankan. Ó gbéra ní Adó, Ìkọ̀lé ló balẹ̀ sí.

Níbo wá ni iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀? Ṣáájú ni. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún yẹn. Ní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ náà pe ìpàdé ìtagbangba káàkiri ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èkó ni wọ́n ti ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, NLC àti TUC daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje, àwọn aṣáájú jókòó pẹ̀lú Ààrẹ, wọ́n fẹnu kò sí N70,000. Nígbà tí àbá fi dé Ilé, ọbẹ̀ ti jinná, àwo nìkan ló kù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí òfin bá máa yára ní Abuja, àwa gbọ́dọ̀ tètè jí. Ẹni tí kò sí ohùn rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹta, kò lè rí ohùn rẹ̀ ní Abuja ní oṣù keje.

GBÓLÓHÙN KÉKERÉ NÁÀ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Kí ló dé tí àwọn ọ̀gá kan fi ń sọ pé òfin kò kan àwọn? Òfin ti 2019 sọ pé owó oṣù tó kéré jù kò kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá pé 25. Kò kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba wákàtí. Kò kan ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye iṣẹ́ tó bá ṣe, tàbí tó ń gba ìpín nínú owó tó bá pa. Kò kan ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àsìkò bíi ti oko.

Ẹ wo àárín ara yín. Ilé búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ 24, kò kàn án. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó tó ní ènìyàn 10, kò kàn án. Awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó tó mú ìpín tirẹ̀, òfin náà fo òun àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀. Ní ìlú ńlá tí ilé iṣẹ́ olókùúta àti onírin pọ̀ sí, gbólóhùn yẹn lè má hàn. Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó níbí, tí ibi iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ ju ńlá lọ, ó ń hàn sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ẹ má ṣe rò pé gbólóhùn yẹn kò ṣeé yí. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ NLC, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, òfin owó oṣù N125 sì jáde lọ́dún náà. Èkó ni Ilé Aṣòfin wà nígbà náà, Èkìtì sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú òfin ti 1981, ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 50 ni òfin kò kàn. Ní 2019, ó ti di 25. Ẹnì kan ló sọ ọ́, ẹnì kan ló kọ ọ́, ẹnì kan ló jà fún un. Àtúnṣe ti 2024 kò fọwọ́ kan ibẹ̀: iye owó ló yí, àti iye ọdún tí wọn yóò máa fi tún un wò, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún márùn-ún sí ọdún mẹ́ta.

Ọ̀tá òfin lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, aṣojú kan láti Kaduna mú àbá wá pé kí ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù kúrò lọ́wọ́ Abuja nìkan, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀. Ó ti la kíkà kejì kọjá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún náà, NLC kó òṣìṣẹ́ jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà Ilé Aṣòfin. Àbá náà kò di òfin. Bí wọ́n bá ti sùn títí di kíkà kẹta, ọ̀rọ̀ ì bá ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ilé Aṣòfin kò wúlò, ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà rántí 1994. Ìjọba Abacha kò ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀kíní, kò kà á lẹ́ẹ̀kejì. Àṣẹ ológun ló jáde, ó sì tú àwọn aṣáájú NLC, NUPENG àti PENGASSAN ká lọ́jọ́ kan. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí. Ilé tó ń pariwo tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sàn ju ilé tó dákẹ́ tí wọ́n ti tì pa lọ.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ọdún mẹ́ta tí òfin 2024 dá yóò pé ní 2027. Àbá tuntun yóò tún gbéra. Ẹ má jẹ́ kó bá wa lójú oorun.

Èkíní, kí aṣojú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye ènìyàn tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba owó, àti ohun tó ń dé ọwọ́ wọn lóṣù. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ń bẹ̀rù sílẹ̀. Iye ni a nílò. Àwọn agbanisíṣẹ́ kéékèèké yóò wá síbi ìpàdé ìtagbangba, wọn yóò sọ pé epo wọ́n, iná kò sí, àwọn kò lágbára. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ìwé la ó fi dá wọn lóhùn, kì í ṣe ìbínú.

Èkejì, kí ẹ̀ka wa kọ ohun tí a fẹ́ sínú ìwé kan ṣoṣo: kí iye 25 yẹn tún sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí òfin yóò fi dáàbò bo ẹni tó ń gba ìpín nínú owó tó pa. Kí ìwé náà gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní Adó kọjá sí olú ilé ẹgbẹ́ ní Abuja.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀dà ìwé náà dé ọwọ́ àwọn ẹni mẹ́ta wa. Bí wọ́n bá wálé fún ọdún tàbí ìnáwó, ẹ má ṣe bèèrè owó ọtí nìkan. Ẹ bèèrè pé: "Nígbà tí wọ́n ń pe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí lẹ sọ?" Ìwé Òfin fún àwọn olùdìbò ní agbára láti pe aṣòfin padà bí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè rẹ̀ lọ bá fọwọ́ sí i, tí ìbò sì tẹ̀lé e. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n kí aṣòfin mọ̀ pé a mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ yan ẹni méjì láàárín wa tí yóò máa ka ìwé ìròyìn fún ìkéde ìpàdé ìtagbangba, kí wọ́n máa mú àbọ̀ wá síbí lóṣooṣù.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọjà ti tú, kò yàtọ̀ sí ẹni tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní àsìkò, ká sọ ọ́ papọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!